Aránṣọ Tí Ojú Abẹ́rẹ́ Rẹ̀ Kì Í Hàn

Ká má purọ́, ìyá yìí mọ iṣẹ́. Aṣọ ì báà ya láti ọrùn dé ìdí, bó bá ti dé ọwọ́ ẹ̀, ó parí. Á yọ òwú lára ìṣẹ́tí aṣọ náà fúnra ẹ̀, á fi rán an láti inú, á fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ ó wá ojú abẹ́rẹ́ títí, ẹ ò ní rí i. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjú sí géètì iléèwé, yúnífọ́ọ̀mù ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ̀. Ìyá Aránṣọ làwọn ọmọ ń pè é.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, làwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní kíláàsì bá sọ ọ́ ní Opó Iná. Ìbá ṣe pé orúkọ nìkan ni, à bá rẹ́rìn-ín. Wọ́n á fà á lọ́rùn aṣọ, wọ́n á tì í mọ́ ògiri, wọ́n á ní kó tan iná fáwọn. Ọmọ á sunkún délé, àpò aṣọ á máa fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kí wá ni ìyá ṣe? Ó bọ́ aṣọ lọ́rùn ọmọ, ó rán an, ó ní kó nu ojú ẹ̀ nù. "Má jẹ́ kí wọ́n rí omijé ẹ," ló máa ń wí. Ó ní bí wọ́n bá rí i pé kò dùn ún, ó máa sú wọn. Ó rò pé òun ń sọ ọkàn ọmọ di líle ni. Ó gbàgbé pé ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọmọ náà sì gbọ́ràn, ó kúkú gbọ́ràn jù. Ẹkún dáwọ́ dúró. Bí ìyá bá bi í pé kí ló dé, á ní, "Kò sí nǹkan kan, mà." Aṣọ ń ya, ìyá ń rán an, inú ìyá tiẹ̀ ń dùn.

Àfìgbà tí ọmọ kan tó wá gba aṣọ sọ fún un pé bí wọ́n bá ti lu aago ìsinmi, wọ́n a máa tilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ Opó Iná. Ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ó gbé yúnífọ́ọ̀mù ọmọ, ó di ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé. Ọ̀gá náà ò burú. Ó tú aṣọ wò nínú, ó tú u wò lóde, ó ní ibo ló ti ya. Kò síbi tó ti ya. Iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ló jẹ́rìí ta kò ó. Wọ́n pe ọmọ, ọmọ wolẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní kí ìyá máa lọ sílé, àwọn á máa ṣọ́ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ò yé tilẹ̀kùn mọ́ ọn títí tó fi jáde ìwé.

Ọmọ ti dàgbà báyìí, inú ṣọ́ọ̀bù ìyá ẹ̀ ló jókòó sí, tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ń jẹun, ó ń kí èèyàn. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá bi í pé kí ló wà lọ́kàn ẹ̀, èsì kan náà ni. Ohun tí ìyá ń tọrọ láyé kò ju pé kí ọmọ òun sọ ohun tó ń dùn ún fóun, kóun tó kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ iléèwé kan wọlé bá wọn, kọ́là ẹ̀ já wálẹ̀. Ó bẹ ìyá pé kó bá òun rán an kí màmá òun tó rí i. Ìyá mú abẹ́rẹ́, ó tún gbé e kalẹ̀.

"Mi ò ní rán an," ló wí. "Gbé e lọ bó ṣe ya yẹn, kí ọ̀gá yín rí i."

Ọmọ ní àwọn tó fà á ya á pe òun ní ojo. Ìyá fà á jókòó, ó ní ta ló sọ pé ẹni tó bá dákẹ́ ni ọkàn ẹ̀ le? Ó ní kó kọ́kọ́ sọ ọ́ lójú òun pé, "Ó dùn mí." Ohùn ọmọ lọ sílẹ̀ jù. Ìyá ní kó tún un sọ, bó bá fẹ́ gbọ̀n kó gbọ̀n, òun ń gbọ́. Wọ́n wà lẹ́nu ẹ̀ títí ọmọ fi gbójú sókè, tó wí i ketekete. Ìyá bá dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n sọdá sí ọ́fíìsì ọ̀gá.

Nígbà tí ìyá padà dé, ọmọ tiẹ̀ ti gbé ṣẹ́ẹ̀tì sórí itan, kò rán nǹkan kan.

"Tèmi, ẹ máa ń rán an ni," ó wí. Kò pariwo.

Ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ó dùn mí, Màámi. Rírán tẹ́ ẹ ń rán an yẹn gan-an ló dùn mí jù."

Ohun tí ìyá ti ń tọrọ nìyẹn. Ó jókòó ti ọmọ ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọmọ náà ń wò ó, kò sì ní kó nu ojú ẹ̀ nù.