Nígbà tí Kòbókò Ń Lé Wa Sáré

Láràárọ̀ Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń sáré kọjá níwájú ilé mi ní Bódìjà, bàtà wọn á máa dún pàkà-pàkà lórí títì ọ̀dà, ẹ̀rín lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀rín yẹn ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ẹkún làwa fi ń sáré.

Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá wa. Kí wọ́n tó kírun àsùbáà tán ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, èmi àti Káyọ̀dé àbúrò mi ti gbọ́dọ̀ dúró sẹ́nu géètì. A ó sáré dé ẹnu ọjà, níbi tí wọ́n ti ń já iṣu láti inú ọkọ̀, a ó sì sáré padà. Bàbá á máa gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn wa, kòbókò lọ́wọ́. Òjò o, ọyẹ́ o, kò kàn wọ́n. "Ẹni tó bá fo ọjọ́ kan," Bàbá á ní, "ó ti bà á jẹ́ nìyẹn." Ajá aládùúgbò tó ń gbó gbogbo ayé pàápàá, bó bá ti rí kòbókò yẹn, abẹ́ mọ́tò ló ń wọ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ibà dá Káyọ̀dé dùbúlẹ̀. Bàbá ní irọ́ ló ń pa. Wọ́n wọ́ ọ jáde, wọ́n nà án títí ẹ̀wù rẹ̀ fi ya, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Mo bu bàbá mi lọ́wọ́ jẹ. Wọ́n gbá mi létí, mo sì forí sọ ògiri. Ibẹ̀ ni Màmá Ṣadé, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń gbé ilé kejì, sáré wọlé, tí wọ́n dúró sáàárín. Ẹgba tó ń bọ̀ la ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Wọn ò ké.

"Ọ̀gá sójà, ṣé ó ti tó, àbí kí n yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì sí yín?"

Kòbókò bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá, wọn ò sì gbé e mọ́ títí wọ́n fi kú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Káyọ̀dé fi sùn dojúbolẹ̀.

Nígbà tí egbò Màmá Ṣadé jiná, wọ́n wá pè mí. Mo ní mi ò sáré mọ́ láyé.

"Ta ló ní kí o sáré? Tẹ̀lé mi ká lọ ra ata."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bójò bá rọ̀, a ó jó ní pálọ̀ wọn. Bó bá rẹ̀ wá, a ó dé ẹnu géètì, a ó jókòó. "Bó ò bá rìn lónìí," wọ́n á ní, "ọ̀la ò ní bá ọ jà."

Màmá Ṣadé ti sun oorun ìkẹyìn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ti gba ojú ọ̀nà tí a ń sáré. Orúnkún mi ti ń dùn mí, àmọ́ mo ṣì ń rìn. Ọ̀sẹ̀ mìíràn ẹ̀ẹ̀méjì péré, ọ̀sẹ̀ mìíràn lójoojúmọ́.

Mòníyà ni Káyọ̀dé ń gbé báyìí, ó ti lọ́mọ-ọmọ. Lọ́dún tó kọjá, òjò ńlá ká èmi àti ẹ̀ mọ́ Ring Road. Gbogbo èèyàn sáré wọ abẹ́ ṣọ́ọ̀bù, èmi náà yára tẹ̀lé wọn. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí àbúrò mi láàárín òjò, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Láti àárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá nà án yẹn, kò sáré mọ́. Mo tún bọ́ sínú òjò, mo lọ bá a, a sì jọ ń rìn lọ.