Ẹ̀kọ Tí Ọmọ Wa Kọ̀

Òórùn ògì kíkan ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn nínú ilé tí a gbé ní Kàbbà láyé ìgbà náà. Ìyá onílé wa kì í jẹ́ kí ìkòkò ògì rẹ̀ gbẹ. Ẹ̀yìn ilé ni ìkòkò náà máa ń wà, lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi koríko bò, omi ojú rẹ̀ á sì máa yọ ìfófòó wẹ́wẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ń mí nísàlẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ bọ̀ láti orí òkè, òórùn yẹn á wọ yàrá, á mú aṣọ, á mú ìwé, á mú irun orí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó débẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni ó wá di òórùn tí àyà mi ń já sí.

Tíṣà ni mí nígbà náà. Ìyàgbà ni mí, láti ẹ̀yìn Odò-Ẹrẹ̀. Ìyàwó mi wá láti Ìjùmú, lápá Ìyah-Gbẹ̀dẹ̀. Iṣẹ́ ló gbé wa dé àárín àwọn Owé tó ni Kàbbà. A jọ ń kí ara wa ní “Okun”, a gbọ́ ara wa yé, bí olúkúlùkù tilẹ̀ ń fi èdè ẹnì kejì ṣe yẹ̀yẹ́. Àkọ́bí wa, obìnrin, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kiri ilé ni. Mo rò pé ayé ti gún régé.

Ikọ́ ló bà á jẹ́. Ìyàwó mi ti ń wúkọ́ láti ìgbà tí òjò ti dá, a sì ní eruku ni. Ó mu àgbo, ó lo oògùn tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn ìjọba, ikọ́ kò lọ, ara rẹ̀ sì ń gbẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo bá a ní kọ̀rọ̀ ilé, ó ń fọ aṣọ pélébé kan nínú igbá omi, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ bo igbá náà kí n má baà rí i. Mo ti rí i. Omi inú rẹ̀ ti pọ́n. Ìwọ náà mọ̀ pé nígbà yẹn, bí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é.

A wọ lọ́rì lọ sí ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó kan, lápá ọ̀dọ̀ wa ní Ìyàgbà. Wọ́n ní àìsàn náà ni lóòótọ́, wọ́n ní abẹ́rẹ́ tuntun kan ti wà fún un, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ọmọ kò sì gbọdọ̀ mu ọmú rẹ̀ mọ́, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn pàápàá. Ìyàwó mi ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ já ọmú kúrò lẹ́nu ọmọ. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó kọjú sí ògiri. Ìyá ìyàwó mi dúró tì í láti máa dáná fún un. Ìyá tèmi ti kú kí n tó gbéyàwó. Báyìí ni èmi àti ọmọ ṣe wọ lọ́rì padà, ó sì sunkún títí ohùn fi há a lọ́fun.

Ìyá rẹ̀ ti ń fún un ní ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó lọ, ṣùgbọ́n n kò wo bí ó ṣe ń pò ó rí. Iṣẹ́ obìnrin ni lójú mi. Ìyá onílé ní kí n fi ọkàn balẹ̀, pé òun ti tọ́ ọmọ púpọ̀. Ọkà bàbà pupa ni ó fi ń ṣe ògì tirẹ̀: yóò rẹ ẹ́ títí yóò fi kan, yóò lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, yóò sẹ́ ẹ, yóò jẹ́ kí ó tòrò. Bí ó bá fẹ́ pò ó, yóò fi omi tútù díẹ̀ yọ́ ọ nínú igbá, yóò wá da omi tí ń hó yaya lé e lórí, yóò máa rò ó kíá títí yóò fi dì. Ẹ̀kọ àgbẹ̀ ni. Ó pọ́n bí erùpẹ̀ ojú ọ̀nà, ó kan dé ìdí eyín. Ó po ti ọmọ wa kí ó ṣàn, ó fẹ́ ẹ kí ó tutù. Ọmọ tọ́ ọ wò, ó sì tu ú sí mi láyà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá onílé ní òun yóò rọ ọ́. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ti ń rọ ọmọ: ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó ká ọwọ́ kan bí ife sí i lẹ́nu, ó da ẹ̀kọ sí àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ náà sì bo imú, tó jẹ́ pé ọmọ níláti gbé e mì kí ó tó lè mí. Ó gbé ti àkọ́kọ́ mì. Ó gbé ti ẹ̀ẹ̀kejì mì. Lẹ́yìn náà ẹkún rẹ̀ gé lójijì. Ẹnu rẹ̀ là, ohùn kò jáde, ojú rẹ̀ yí sókè, ètè rẹ̀ ń ṣú. Mo já a gbà, mo da ojú rẹ̀ dé apá mi, mo ń gbá a lẹ́yìn. N kò mọ bí ó ti pẹ́ tó. Ẹ̀kọ pupa gba imú rẹ̀ jáde, ó wúkọ́, ó ké.

Ìyá onílé nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró. Kò bínú. “Tíṣà,” ó ní, “báyìí ni wọ́n ṣe rọ èmi, báyìí ni mo ṣe rọ àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kí n má rọ tìrẹ, kí ni yóò jẹ?”

Mo gbé ọmọ wọ yàrá lọ. Mo ti rò pé mo mọ ẹ̀rù tẹ́lẹ̀. Mo ti tẹ ejò mọ́lẹ̀ lóko rí, omi odò sì ti fẹ́ gbé mi lọ rí. Irú ẹ̀rù yẹn a máa gbá ènìyàn létí, a sì kọjá. Èyí kò kọjá. Ó bá mi jí, ó bá mi dé kíláàsì, ó dúró tì mí bí mo ti ń kọ ìṣirò sára pátákó, tí ọmọ mi wà lọ́dọ̀ ìyá onílé, tí mo sì ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ ẹni tí yóò wá pè mí. Àwọn aládùúgbò kan ti ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn nígbà tí a bá ń kọjá, nítorí ikọ́ náà. N kò dá wọn lẹ́bi.

Ìyàwó alápatà, ará Hausa kan tí ń gbé lójúde kejì, kò fa ọwọ́ sẹ́yìn ní tirẹ̀. Ó gbọ́ pé ọmọ kò jẹun, ó sì gbé kúnú wá. Jéró ni ó fi ṣe é, ó fi atalẹ̀ sí i, ó bu apá kan rẹ̀ sínú omi gbígbóná, ó wá da èyí tí ó kù ní tútù mọ́ ọn. Ó ń ta sánsán. Ọmọ mi mu ún! Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè dúpẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó yí, ó ti bì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ kejì, kò sunkún mọ́. Àwùjẹ rẹ̀ jìn wọnú bí ojú ìdodo, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò wo ohunkóhun. Ìdákẹ́ yẹn dẹ́rù bà mí ju gbogbo ẹkún lọ.

Mo pọ̀n ọ́n, èmi ọkùnrin, mo sì wọ lọ́rì tí ó kọ́kọ́ jáde. Ní ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó náà, nọ́ọ̀sì kan gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń kán omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó bù fún wa ní oògùn inú. Ọjọ́ mélòó kan ni a fi wà lọ́dọ̀ wọn kí inú rẹ̀ tó dá. Wọn kò jẹ́ kí a wọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí n dúró sínú àgbàlá, kí òun dúró lójú fèrèsé. Ó wo ọmọ náà lẹ́yìn mi. Mo rí i tí ó di irin fèrèsé mú. Kò sunkún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi.

Àgbàdo funfun ni kí n lò, kì í ṣe ọkà bàbà. Kí n má jẹ́ kí ó pẹ́ nínú omi débi tí yóò fi kan. Aṣọ ni kí n fi sẹ́ ẹ, kí n tún un sẹ́. Kí n má da omi gbígbóná lé e lórí rárá. Ògì náà àti omi tútù ni kí n gbé kaná pọ̀, iná kékeré, kí n máa rò ó láìdáwọ́ dúró títí yóò fi máa dán. Bí inú rẹ̀ bá ti dá pátápátá, kí n lọ ẹ̀pà sísun kúnná, kí n sẹ́ omi rẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílé wọn. Mo ń tún un sọ tẹ̀lé e bí ọmọ ilé ìwé.

Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ jẹ́ kí ó fi ẹ̀yìn ti ikùn yín. Ìka ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ó lá. Ẹ má wò ó lójú, Bàbá ọmọ mi. Bí ẹ bá ń wò ó báyìí, ẹ̀rù yóò máa ba òun náà.”

Nígbà tí a padà dé Kàbbà, tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, ó dì kókó. Mo dà á nù, mo tún òmíràn gbé kaná, ìyá onílé jókòó tì mí, ó ń dín igi kù nídìí iná, kò bá mi jiyàn. Nígbà tí ó dán, mo gbé ọmọ jókòó, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ tì mí, mo kọjú sí òkè Kàbbà, mo na ìka. Mo rí àwọn ewúrẹ́ tí ń gun òkúta, n kò sì mọ̀ pé mo ń wò wọ́n. Ahọ́n kékeré kan kan ìka mi. Ó kúrò. Ó tún padà.

Má rò pé ibẹ̀ ni ẹ̀rù parí sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwé pè mí jáde ní kíláàsì, ó ní awakọ̀ lọ́rì kan ń bèèrè mi. Mo rí ọkùnrin náà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ti ṣí fìlà. Gbogbo ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ọkọ tí aya rẹ̀ kú ni mo ti gbọ́ tán kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kí mi, ó ní ìyá ìyàwó mi ní kí n fi iṣu ránṣẹ́, pé tí ọ̀hún wọ́n. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Awakọ̀ náà bèèrè bóyá n kò ní iṣu ni.

Ìgbà tí wọ́n ń wa iṣu tuntun ni ìyàwó mi padà dé. Ara rẹ̀ ti kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán. Ọmọ ti ń rìn nígbà náà. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ọmọ wò ó, ó sá sẹ́yìn ẹsẹ̀ mi, ó figbe ta. Mo bẹ̀rẹ̀ láti tì í síwájú, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ dá mi dúró.

“Ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀,” ó ní. “Èmi ni àlejò.”

Ó jókòó sí ojú ilé, kò pè é, kò wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọ tó rìn lọ láti fọwọ́ kan etí gèlè rẹ̀.

Mo ti dàgbà báyìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń sọ níwájú mi pé ẹ̀rù kò dára. N kì í jiyàn. Ṣùgbọ́n a bí àwọn ọmọ mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, ìyá wọn ló bọ́ wọn, ara wọn le, n kò fi ọjọ́ kan ṣoṣo bẹ̀rù nítorí wọn. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Títí di òní, n kò lè sọ fún ọ irú ẹ̀kọ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn mu nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.