Bàbá Mi Bẹ̀bẹ̀, Wọ́n Kọ ọ́ Pé Ó Jẹ́wọ́

Inú mi ò tíì rọ̀ sí ọ̀gá ilé-ìwé wa títí dòní, ẹ má sì wulẹ̀ ní kí n gbàgbé. Mo ti di ìyá àgbà, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, síbẹ̀ bí mo bá rí ẹni tó ń fi bírò pupa kọ nǹkan sínú ìwé ńlá, ara mi á máa gbóná.

Ọdún 1980 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Mo wà ní kíláàsì karùn-ún ní ilé-ìwé gírámà kan ní Adó-Èkìtì, ìdánwò àṣejáde ò sì ju oṣù mẹ́ta lọ. Èmi ni mo máa ń gbé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá láti yàrá ìkówèésí lọ sí kíláàsì wa, èmi náà ni mo máa ń dá a padà. Ìwé yẹn wúwo tó ọmọ ọwọ́.

Lọ́sẹ̀ tọ́rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa kọ ọ̀rọ̀ méjì sójú pátákó: “apologise” àti “confess.” Ó ní ká má pa wọ́n pọ̀ o. Èèyàn lè “apologise” nítorí ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe, tàbí nítorí ará ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ ẹni bá ṣe nìkan lèèyàn lè “confess.” Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fa ìlà sí i nídìí. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n wá atúmọ̀-èdè náà tì.

Ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ pè mí. Orúkọ mi ló gbẹ̀yìn nínú rẹ́jísítà yàrá ìkówèésí. Mo ní mo ti dá a padà, pé orí tábìlì ni mo gbé e sí torí ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ ti jáde. Ó ní olè ni mí. Ó ní kí n lọ mú bàbá mi wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mi ò ní jókòó ṣe ìdánwò.

Káfíńtà ni bàbá mi, àdúgbò Òkè-Ìlá la ń gbé. Ó dá ayùn ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó gbọ́ mi dópin, ó wá bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

“Ṣé ùwé ọ̀ún wà lọ́wọ́ ẹ?”

“Kò sí lọ́wọ́ mi, Bàbá.”

“Mo gbà ẹ́ gbọ́. Lọ́la, a ó lọ bẹ̀ wọ́n.”

“Bẹ̀ wọ́n kẹ̀? Kí ni mo ṣe?”

“O ò ṣe nǹkan kan. A ó kàn bẹ̀ wọ́n ni.”

Ẹni tó bá dàgbà láàárín wa mọ ohun tó ń sọ. Bí ẹni tó wà nípò bá ń bínú, a kì í bá a rojọ́ lórí ìdúró. A ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ kí inú rẹ̀ rọ̀, òun náà á ní ká dìde, ìgbà yẹn la ó wá rò tẹnu wa. Kì í ṣe pé a jẹ̀bi.

Bàbá mi mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání, ó mú bàbá ìjọ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àgbà mẹ́ta dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì ọ́fíìsì yẹn. “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má bínú, ẹ forí jì í, ọmọ yín ni.” Èmi kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ń dúró de ìgbà tí ọ̀gá máa ní kí wọ́n dìde kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ìwé ìbáwí, ó mú bírò pupa, ó kọ ọ́, ó sì kà á sókè lédè Gẹ̀ẹ́sì pé bàbá ọmọ yìí wá, ó sì “confess” lórúkọ ọmọ rẹ̀. Bàbá mi, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, dáhùn láti ilẹ̀ pé, “A dúpẹ́ o, sà.”

Ká ní òyìnbó ni ọ̀gá yẹn, ǹ bá ní kò mọ̀. Ọmọ Èkìtì ni! Òun náà ti dọ̀bálẹ̀ láìṣẹ̀ rí, fún àna, fún àgbà ilé wọn. Ó mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni.

Bí a ṣe ń gba Ọjà Ọba padà sílé, mo bú sẹ́kún lójú gbogbo èèyàn. Mo ní, “Bàbá, ẹ ti jẹ́wọ́ olè fún mi! Ẹ ò mọ̀wé, ẹ tún lọ ń bá mi dáhùn!” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ọwọ́ láti gbá mi létí. Bàbá mi di ọwọ́ náà mú.

“Ẹ fi í sílẹ̀.” Ó yíjú sí mi. “Ṣé wọ́n á jẹ́ kó o ṣe ìdánwò?”

Mo ní wọ́n á jẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì gbé atúmọ̀-èdè wọlé lábẹ́ abíyá. Òun ló gbé e lọ sílé láti fi ṣètò ìbéèrè. “Mo gbàgbé ni,” ó parí síbẹ̀. Ẹni tó kọ́ wa ní “apologise” o! Kò tilẹ̀ wo ibi tí mo jókòó sí.

Mo lọ bá ọ̀gá kó pa ohun tó kọ rẹ́. Ó ní, “Mú bàbá ẹ wá bẹ̀ mí, mo lè rò ó.” Mo ní bàbá mi ò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́, mo sì jáde. Ìyá mi nìkan ni mo sọ fún.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gba ìwé ẹ̀rí ìwà mi, ìjà ni mo múra lọ jà. Mo kà á tán, mo tún un kà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé olóòótọ́ ni mí. Akọ̀wé wọn wò mí, ó ní, “Bàbá ẹ mà gbìyànjú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún padà wá dọ̀bálẹ̀, òun nìkan.”

Mo délé, ó ń fá pákó. Ó bi mí pé, “Wọ́n fún ẹ ní ùwé ọ̀ún?” Mo ní wọ́n fún mi. Ó ní ó dáa, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjì yẹn, kò sì sí èyí tó ṣì í rí. Ṣùgbọ́n ti ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí bàbá mi ní Ọjà Ọba, mi ò bẹ̀ ẹ́, mi ò sì sọ fún un pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ó ti kú.