Ọdún Tí Obì Wa Dúdú ní Makun

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju ẹnu àgbá omi lọ, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò wa ní Makun ń pọn. Ìjọba ló rì í síwájú ilé wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bí omi yẹn ṣe máa ń rùn fẹ́ẹ́rẹ́ bí oògùn tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. A máa ń ráhùn nípa òórùn náà. A ò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbì kan tó ń yẹ omi wa wò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Obì ni Màámi ń tà, bíi ti ọ̀pọ̀ obìnrin àdúgbò. Ẹni tí wọn kò bí sídìí iṣẹ́ obì lè rò pé kí a ká a lórí igi kí a sì tà á ló tán. Rárá o. A ó pa á, a ó rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, a ó bó eèpo funfun ara rẹ̀, a ó ṣàn án dáadáa kí a tó fi ewé bò ó nínú apẹ̀rẹ̀. Àwa ọmọdé la máa ń bó eèpo. Èmi àti Sikirá, ọmọ ilé kejì, la máa ń jókòó ti ọpọ́n kan náà, ẹni tó bá sì fi èékánná ya obì lára á gba àbàrá lẹ́yìn. Inú abọ́ kan náà ni ìyá Sikirá àti Màámi ti máa ń jẹun ọ̀sán.

Ọdún kan wá ni ẹ̀rọ omi náà dákẹ́. Kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà o. Ó kọ́kọ́ ń mí. Bí a bá ṣí i, afẹ́fẹ́ á fà, á dá, á tún fà, bí arúgbó tó ń sùn. Sikirá ní èèyàn ló wà nínú páìpù. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í dá kọjá níbẹ̀ mọ́.

Obì kò sì lè dúró de ìjọba. Àwọn Hausa oníbàárà Màámi ti sọ ọjọ́ tí mọ́tò wọn máa dé, gbogbo òwò rẹ̀ ọdún yẹn ló sì wà nílẹ̀ tí a kò tíì rẹ. Ìyá Sikirá ra omi táńkà, ó ní èrè kò sí nínú ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kí obì má bàjẹ́. Màámi kò lówó omi táńkà. Kànga àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́, ibẹ̀ ló ní ká lọ fà. Omi rẹ̀ mọ́ gaara. Ó tutù ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń rùn bí ẹ̀jẹ̀. Mo sọ fún Màámi, ó ní kí n yéé ṣe ọ̀lẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá Sikirá yà sílé wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọpọ́n, ó fọwọ́ bu obì díẹ̀ wò, ó ní, "Obì yín mà dára lọ́dún yìí o, Ìyá Ramota."

Nígbà tí èmi àti Sikirá bó o láàárọ̀, àtẹ́lẹwọ́ wa dúdú. A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a fi iyanrìn fọ̀ ọ́, kò lọ. Ní ọjọ́ kẹta, Màámi ṣí apẹ̀rẹ̀, gbogbo obì náà ti dà bí èédú. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn Hausa dé, wọ́n wò ó, ẹyọ kan wọn ò mú.

Ìyá àgbà ilé wa ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Ó wá kọjú sí mi. "Ta ló fọwọ́ kan obì yìí, ọmọ mi?"

Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Ìyá Sikirá ni."

Obì tirẹ̀ sì ń dán nínú apẹ̀rẹ̀ ní ilé kejì. Ẹ̀rí wo la tún ń wá? Kò sẹ́ni tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ọjà òun mọ́. Àwọn oníbàárà gbọ́, wọ́n ń gba ẹ̀yìn kọjá. Kí òjò tó dé, ó ti kó ẹrù, ó mú Sikirá, wọ́n ti gba Ìsarà lọ.

Ọjọ́ gorí ọjọ́. Màámi ti ṣaláìsí nígbà tí mo kọ́ ilé tèmi, tí mo gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síbẹ̀. Bí mo ṣe po tíì, dúdú ló dà. Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń yẹ omi wò. Ó ní, "Irin ló pọ̀ nínú omi yín, mà. Tíì ni o, obì ni o, tó bá ti kan omi yìí, á dúdú." Ó ń rẹ́rìn-ín. Kànga àtijọ́ ìgbà yẹn ni mo rántí.

Mo wá Sikirá lọ sí Ìsarà. Ìyá rẹ̀ ti kú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ìyá mi fúnra wọn gbà pé òótọ́ ni, pé ọwọ́ àwọn ló ba obì yẹn jẹ́. Títí tí wọ́n fi kú, wọn ò gbé ọmọ mi kankan rí. Bí ọmọ bá ń sunkún níwájú wọn, wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á ní kí n sáré wá gbé e."

Nígbà yẹn, ẹ̀rọ kan la jọ ń pọn, bó bá bàjẹ́, gbogbo wa la jọ mọ̀. Lónìí, kálukú ló gbẹ́ tirẹ̀ sẹ́yìn ilé, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó sì wà lábẹ́ ilẹ̀ ń bá wa wọlé. Obì ṣì ń dúdú ní Makun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń bi ọmọ rẹ̀ lójúlé kẹta pé, "Ta ló fọwọ́ kàn án?" Àgbà bíi tèmi, mo sáré débẹ̀ láìwọ bàtà, kí ọmọ náà tó lanu.