Wolé-wolé Tó Ń Ṣọ́ Àgbàrá

Bí òjò bá ti ṣú ní Ẹ̀fọ̀n, bàbá kan ládùúgbò wa ni mo máa ń rántí, wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì. Bí àwa bá ń sá wọlé, òun á gbé àpótí àti agboòrùn jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Orí òkè là ń gbé, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń dúró de òjò kí àgbàrá lè bá wọn gbé ìdọ̀tí lọ sísàlẹ̀.

"Ìyá Ṣadé, kí ló wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn?" á bi ìyá mi.

"Aṣọ ni, bàbá."

"Aṣọ wo ló ń rùn bí ọbẹ̀ tó kan? Òfin ìjọba ni o, kì í ṣe tèmi."

Ìyá mi á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ló ń ba èmi pé yóò fa ìyá mi lọ sí kóòtù. Ẹ̀rù yìí pọ̀ débi pé mo ń fura sí ìkíni rẹ̀ pàápàá.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ ìdọ̀tí jáde nínú òjò. Gbogbo wa yọjú lójú fèrèsé.

"Ìyá Bùnmi, gbé e padà."

"Ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ò wá mọ́. Ṣé kí n gbé e jẹ ni?"

"Èèyàn ń gbé nísàlẹ̀. Bí o bá dà á, èmi fúnra mi ni màá fẹjọ́ rẹ sùn."

Obìnrin náà pòṣé, ó sì padà wọlé.

"Mọ̀ọ́mi, wọ́n ti jọ gbèrò rẹ̀ nílé ni," mo ní. "Wọ́n fẹ́ fi mú wa ni."

Ìyá mi ò wojú mi. "Bí òjò bá dá, lọ bá mi yá ṣọ́bìrì bàbá yẹn wá. Kòtò ìdọ̀tí la máa gbẹ́ sẹ́yìnkùlé."