Àpótí Tó Ń Sàba Nílé Wa ní Coal Camp

Nígbà tí mo wà ní kékeré, pálọ̀ wa ní Coal Camp, ní ìlú Enugu, kì í ṣe ti àlejò mọ́. Ti ẹyin ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí Bàbá, ìta ni yóò ti kí i. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí ilé yàrá méjì bíi tiwa, ẹ ó mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí nǹkan bá gba pálọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà ni àwa ọmọ ti ń jẹun, eruku èédú ilẹ̀ á máa bọ́ sínú ọbẹ̀, a ó sì lá a mọ́ ọn.

Ará Ọ̀fà ni wá. Akọ̀wé ni Bàbá lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ó sì fẹ́ràn ohun tuntun bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn àádùn. Ó rí àpótí kan níbì kan tí wọ́n fi ń pa ẹyin láìsí adìyẹ lórí rẹ̀, kò sì sinmi títí káfíńtà àdúgbò wa fi kan irú rẹ̀ fún un. Ìnkubétọ̀ ni Bàbá ń pè é. Àwa ọmọ ń pè é ní àpótí ìsàba. Pákó ni wọ́n fi kàn án, wọ́n ki lẹ́búlẹ́bú igi sáàárín ògiri rẹ̀ kí ooru má baà sá. Àtùpà kẹrosíìnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń fi ooru ránṣẹ́ wọ inú rẹ̀, àwo omi sì wà nísàlẹ̀ kí ẹyin má baà gbẹ.

Àwọn ẹyin náà kì í ṣe ẹyin lásán. Bàbá ti ra àkùkọ pupa kan, ẹ̀yà ti òyìnbó, tó tóbi bí ọmọ ewúrẹ́ lójú mi, ó sì fi í sáàárín àwọn àgbébọ̀ ìbílẹ̀ wa. Ó ní òun fẹ́ ọmọ tí yóò sanra bíi bàbá rẹ̀, tí àìsàn kò sì ní tètè mú, bíi ti ìyá rẹ̀. Ìyá mi ní, “Bàbá Rìsí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí wọn ná, kí ẹ tó máa pín ìwà fún wọn.”

Àǹtí Sáfú, àbúrò Bàbá, ló wá di alágbàtọ́ wọn. Ọkọ rẹ̀ ní Ọ̀fà ti ní kó máa lọ nítorí pé kò bímọ, ó sì di ẹrù rẹ̀ wá bá wa ní Enugu. A kì í rí i kó sunkún. Ìyá mi á ní, “Ìdílẹ̀kẹ̀, ẹ sọ ọ́ jáde, kó má baà ká yín lára jù.” Àǹtí á rẹ́rìn-ín: “Ìyàwó wa, adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.” Bàbá kò mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú sọ. Ó kàn fa àpótí ìsàba lé e lọ́wọ́. “Sáfú, ìwọ ni kí o bá mi tọ́jú wọn. Àwọn ọmọ yìí á bà á jẹ́.”

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn àpótí náà láìgbàṣẹ, ìkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ méjèèjì lókè. Àbúrò mi Làmídì kúnlẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi ń dán. Ibi tó bá kúnlẹ̀ sí náà ni òórùn ọ̀kpà gbígbóná, oúnjẹ Ígbò tó dà bí ọ̀ọ̀lẹ̀, tí wọ́n ń kiri yóò ti máa bá a, ìyà sì di méjì.

Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, Àǹtí Sáfú á fọwọ́, á yí ẹyin kọ̀ọ̀kan padà bí ẹni ń yí ọmọ tó sùn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n pọn omi wá láti ẹnu ẹ̀rọ, kí n sì gé òwú àtùpà. Mo máa ń fi eré fífò àti ìpàtẹ́wọ́ tí àwọn ọmọbìnrin Ígbò kọ́ mi sílẹ̀ nítorí rẹ̀, tìbínú-tìbínú. Lọ́jọ́ kan, Àǹtí gbé ẹyin kan síwájú iná, mo rí okùn pupa tín-ín-rín bíi gbòǹgbò nínú rẹ̀, àti nǹkan kékeré kan tó ń mì. “Wò ó, Rìsí,” ó rọra wí. “Ọkàn rẹ̀ nìyẹn.” Láti ọjọ́ náà, ń kò bínú sí omi pípọn mọ́.

Obìnrin ìlú wa kan wà tó ń ta ọṣẹ àti ìṣáná lẹ́nu ọ̀nà; Ìyá Alátẹ là ń pè é. Ó wá kí wa, ó wo àpótí náà, ó wo Àǹtí. Ìta ló ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó gbóhùn sókè kó lè wọlé: “Ẹyin wo ni ọwọ́ ẹni tí kò bí yóò pa? Òbu ni gbogbo wọn máa dà.” Àǹtí ń yí ẹyin rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò fẹnu kan oúnjẹ ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà àti dòdò ni.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹyin pa, òjò ńlá kan rọ̀ lọ́sàn-án. Òbúkọ aládùúgbò kan sá òjò wọlé wa bí onílé. Làmídì lé e, òbúkọ náà yíjú padà, ó sì fi ìdí kọ lu àtùpà. Gíláàsì fọ́, iná kú, kẹrosíìnì dà sílẹ̀. Àǹtí Sáfú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá àpótí náà mọ́ra, ó bú sẹ́kún. “Wọ́n ti kú. Òótọ́ ni obìnrin yẹn sọ.”

Ẹkún rẹ̀ ló pe Màmá Chukwudi wá, ìyàwó awakùsà tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa. “Sísítà, dẹ̀m nẹ́fà dáì!” ó pariwo ní píjìn, pé wọn ò tíì kú. Ó ní ṣé bí adìyẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun, ẹyin rẹ̀ a máa kú ni? Omi ìwẹ̀ ọkọ rẹ̀ wà lórí iná èédú. Ó bù ú sínú ìgò, a fi aṣọ wé àwọn ìgò náà, Àǹtí tò wọ́n yí ẹyin ká, Ìyá mi fi kúbùsù bo gbogbo rẹ̀. Bí ìgò kan bá ti tutù, òmíràn ti gbóná. Èmi sáré nínú òjò lọ sí ọ́fíìsì Bàbá. Nígbà tí Bàbá fi máa gbé gíláàsì tuntun dé, ọkọ Màmá Chukwudi ti ti ibi ìwakùsà dé, ó dúdú kirikiri, ó ń wá omi rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní omi ti lọ sàba. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ dúró sábẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ òjò, ó wẹ̀.

Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n pa kọjá, a ò rí nǹkan kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà lọ́wọ́ ni Làmídì ní òun gbọ́ nǹkan. A dákẹ́. Kín-ín, kín-ín, láti inú ẹyin. Mo fẹ́ bá a bó èèpo, Àǹtí di ọwọ́ mi mú: “Fi í sílẹ̀. Ibi tó ti ń jà yẹn ló ti ń gba agbára.” Kí oòrùn tó kan àtàrí, èyí tó ju ìdajì lọ ti jáde, pupa, dúdú, abilà, ọ̀kan kò sì níyẹ̀ẹ́ lọ́rùn, bíi àgbébọ̀ tó yé ẹyin rẹ̀. Àwọn tí kò pa, Àǹtí kò jẹ́ ká jù wọ́n nù. Ó sin wọ́n sídìí ìbẹ́pẹ.

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àbúrò rẹ̀ títí. “Sáfú,” ó ní, “o kú ewu o.”

Ìkíni tí à ń kí abiyamọ tuntun ni, ẹnikẹ́ni kò sì tíì kí Àǹtí bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá mi gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Ìdílẹ̀kẹ̀, ẹ kú ewu.” Màmá Chukwudi béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, a sọ fún un. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Nígbà tó padà dé, abọ́ iṣu olómi gbígbóná tó lata yẹ́rí-yẹ́rí ló gbé dání, irú èyí tí wọ́n ń sè fún ìyá ọmọ lọ́dọ̀ wọn. Àǹtí jẹ ẹ́ tán. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní ata ni.

Kò pẹ́ tí Ìyá Alátẹ náà fi wá, ó ní òun fẹ́ adìyẹ méjì nínú irú wọn. Àǹtí fún un ní mẹ́ta, ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe tọ́jú wọn.

Nígbà tí ọkàn kò balẹ̀ mọ́ nílùú, tí a ń kó padà sílé, Màmá Chukwudi ni Àǹtí kó gbogbo adìyẹ rẹ̀ fún. Ogun dé lẹ́yìn náà. Nígbà tó parí, a ránṣẹ́ sí Màmá Chukwudi títí, a ò gbúròó rẹ̀. Àǹtí Sáfú kan àpótí mìíràn ní Ọ̀fà, ó sì ń sin adìyẹ títí ó fi darúgbó. Kò bímọ láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó tẹ̀ lé òkú rẹ̀ pọ̀ ju tẹni tó bí lọ.

Lónìí, páálí ni wọ́n ń kó òròmọdìyẹ sí. Iná mànàmáná ló pa wọ́n, ẹ̀rọ ló ń yí wọn, wọ́n sì yè ju tiwa lọ dáadáa. Ń ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ọmọ mi ní òun lè fi fóònù pè fún ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà kí n tó jẹun tán. Mo ní ó ṣeun. Ṣùgbọ́n láyé tiwa, ọmọ adìyẹ kan kì í jáde nínú èèpo kó má bá ilé kan gbáko tó ti dákẹ́ ń dúró dè é.