Ìka Mi Lórí Pákó

Òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Heathway, níbí nílùú òyìnbó, gbé mi padà lánàá sí gáréèjì bàbá mi ní Marks Gate.

Ọmọdé ni mí nígbà náà, bàbá mi sì ń kan àga gígùn fún ṣọ́ọ̀ṣì wa. Pákó méjì ni wọ́n fẹ́ lẹ̀ pọ̀. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì, á máa fa sùtánà ẹni tó bá jókòó ya, ẹ̀rọ tó ń fá pákó kò sì fá wọn dọ́gba. Wọ́n yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀, wọ́n ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ẹ̀rọ náà lápá òsì, òmíràn lápá ọ̀tún, láti fi dán an wò, wọ́n wá to igi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Yétúndé, fọwọ́ kàn án."

"Tòsì ṣì ga, Dádì."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹni tí kò lè so okùn bàtà ló ń bá yín wọn pákó!"

"Fi ọ̀gá mi sílẹ̀ o," bàbá mi dá a lóhùn.

Nígbà kẹta, ó dọ́gba.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ti pa ìka bàbá mi débi pé kò mọ nǹkan lára mọ́, wọn kò sì fẹ́ kí ìyá mi mọ̀.

Àga náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá jókòó, mo máa ń fi ìka wá ibi tí pákó méjèèjì ti pàdé. N kì í rí i.